Táyà Tí Màmá Gbàdúrà Sí

Táyà náà tún ti bẹ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ rárá ni mo ti mọ̀, nítorí etí mi ti mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Á kọ́kọ́ dún gbàà, ọkọ̀ á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo gbé orí lé sítíárì, mo sì ṣépè. Èèyàn kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ lé o. Kòtò ni.

"Ṣé ó tún ti fọ́ ni?" Màmá bèèrè láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín ìrọ̀rí.

"Ó ti fọ́, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́ o. Má bínú sí i."

"Ta ni kí n má bínú sí? Ṣé táyà ni àbí kòtò?"

"Má bínú sí ẹnikẹ́ni."

Bí ìyá wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ̀ ṣubú nínú bálùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, wọ́n sì fi irin tò ó ní ọsibítù. Irin ti jókòó lóòótọ́, egungun ti so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò tíì rántí bí wọ́n ṣe ń rìn. Obìnrin kan wà ní ọsibítù yẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bá èèyàn na ẹsẹ̀, kó ká a, kó tún nà án. Dókítà Ẹsẹ̀ là ń pè é. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí Màmá lọ bá a, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù náà, kòtò ló pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀dà lọ.

Nígbà tí mo fi pààrọ̀ táyà tán, tí ọwọ́ mi dúdú bíi ti ẹni tó ń ta èédú, Dókítà Ẹsẹ̀ ti mú ẹlòmíì wọlé. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Inú bí mi débi pé ojú mi ń ṣú. Mo yíjú wo Màmá, mo rò pé màá rí ìbànújẹ́ lójú wọn. Ojú wọn ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kò sí ilé-ìwé lọ́la. Inú Màmá ń dùn pé à ń padà sílé. Ẹ̀rù bà mí ju bí inú ṣe bí mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí táyà yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mẹ́ta la jẹ́. Àkọ́bí ni Bọ̀dá Àgbà, tó ń gbé ní ìlú mìíràn tí ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni à ń pè ní Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́, nítorí pé bí ilé bá ń jó, iná gan-an ló máa kọ́kọ́ kí pẹ̀lẹ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Télọ̀ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù, yàrá iwájú nílé Màmá ni ṣọ́ọ̀bù mi, èmi náà ni mo sì ń wa ọkọ̀ wọn. Ata ni wọ́n ń pè mí nínú ẹbí, ẹni tó sọ mí lórúkọ yẹn kò sì parọ́ mọ́ mi. Bí ẹ bá rí i pé mò ń pe àkọ́bí ìyá mi ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má pè mí ní ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́. Lójú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ dáadáa. Inú ló ń bí mi.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí Bọ̀dá Àgbà ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù kógbá wọlé. Nígbà yẹn, bó bá wá kí wa, á kàn jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, á máa wo ilẹ̀. Oúnjẹ, rárá. Ọ̀rọ̀, rárá. Màmá á máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì máa fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí Màmá ti ṣubú, ọjà padà bọ̀ sípò fún un. Ọjọ́ kan la ṣàdédé gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta, àfi bí ẹni ń gbé ìyàwó bọ̀. Bọ̀dá Àgbà ló dé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo, ó ń pe Màmá kí wọ́n jáde wá wo nǹkan tó wà nínú búùtù.

Rímù ńlá mẹ́rin ni. Wọ́n ń dán bí ṣíbí tuntun. Táyà tó yí wọn ká pẹlẹbẹ bí ìgbànú.

"Ọkọ̀ ìyá mi ò gbọdọ̀ wọ irú bàtà yìí mọ́," ó ní, ó ń fi ẹsẹ̀ ti táyà àtijọ́. "Àwọn èèyàn á máa rò pé Màmá ò bímọ ni."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ó máa lè gba ọ̀nà wa yìí?"

"Rímù ńlá ló ń jáde nínú kòtò, Ata. Ṣé ìwọ rí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kó há sínú kòtò rí?"

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Wọ́n so táyà tuntun mọ́ ọkọ̀, wọ́n gbé Màmá jáde lórí àga, Màmá sì gbé ọwọ́ lé rímù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "O ò ní rí ibi, ọmọ mi. Bí èyí ṣe ń yí síwájú, ayé rẹ ò ní yí sẹ́yìn. Ohun tó o fi bu ọlá fún mi, ọmọ rẹ á fi bu ọlá fún ọ." A ṣe àmín títí ó fi sú wa. Kò sí ẹni tó gbàdúrà fún awakọ̀.

Nínú ilé wa, ohun tí Màmá bá ti gbàdúrà sí ti kúrò ní ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Aago kan wà lára ògiri pálọ̀ wa tí kò rìn rí láti ọjọ́ tó ti délé. Àna wọn ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì ti gbàdúrà sí i, nítorí náà ibẹ̀ ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí aago lù nílé wa, ẹ lọ bi aládùúgbò.

Bí a ṣe fi táyà pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ ìyà jíjẹ nìyẹn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀kan yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn ya. Rímù kan tẹ̀ bí etí abọ́ tó já bọ́ láti orí tábìlì. Fọkanáísà tó wà ní ìkóríta wa wá fẹ́ràn wa bí ojú. Bó bá ti rí wa lókèèrè, á nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa rímù náà lára.

"Àǹtí, táyà yìí ò ní ìṣòro kankan," ó máa ń sọ. "Ọ̀nà ni ò dáa."

"Ṣé kí n wá lọ pààrọ̀ ọ̀nà ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní atẹ́gùn sí i. Tó bá le dáadáa, kò ní fọ́."

Ó fún un ní atẹ́gùn. Ọkọ̀ wá le bí odó, òkúta kékeré tí a bá gùn, eyín Màmá á dún. Mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun ní fọkanáísà ò mọ nǹkan kan, kí n dín atẹ́gùn náà kù. Mo dín in kù. Rímù tún tẹ̀ níbòmíràn. Mo padà lọ bá fọkanáísà, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ta ló ní kí n dín atẹ́gùn kù. Mo kàn jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo di orí mú.

Èmi ò kọ́ iṣẹ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ. Aṣọ tí télọ̀ ò fi ààyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá kọ́kọ́ jókòó ló máa ya. Mo fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà pẹlẹbẹ yẹn, mo rí i pé kò sí ààyè níbẹ̀. Bí kòtò bá ti ń bá irin sọ̀rọ̀ báyìí, irin náà ń bá ìbàdí Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Táyà àtijọ́ tí Bọ̀dá Àgbà fi ẹsẹ̀ tì ní tirẹ̀, rímù rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ nípọn, òkúta á kọ́kọ́ jà pẹ̀lú rọ́bà kó tó kan irin. Mo sọ fún Màmá pé màá yọ tuntun kúrò, màá dá rímù kékeré padà.

"Má dán an wò," Màmá ní. "Mo ti gbàdúrà sí i."

"Màmá, ṣé táyà lẹ gbàdúrà sí ni, àbí ọmọ tó rà á?"

 Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi wá.

Mo lọ bá Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́. "Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Fi sùúrù bá a lọ." Sùúrù! Sùúrù tí mo ti ní lórí táyà yìí, tí wọ́n bá rán an pọ̀, á tó ìbòrí àga.

Ni mo bá pe Bọ̀dá Àgbà lórí fóònù. Mo kí i dáadáa, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo bèèrè ọjà, mo wá rọra gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, táyà yìí ò bá ọ̀nà wa mu. Ó ń dun Màmá ní ìbàdí."

"Màmá? Màmá tí mo bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí? Àwọn fúnra wọn ló ní ọkọ̀ náà ń lọ bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí tìmùtìmù."

"Wọ́n kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi."

"Ṣé Màmá ń parọ́ ni?"

Kí lèmi fẹ́ sọ síyẹn? Ọmọ wo ló máa la ẹnu pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ń parọ́?

"Ata, ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ?" ó ní. "Táyà kọ́, awakọ̀ ni. Eré rẹ ti pọ̀ jù. Máa rọra wa ìyá mi."

Ó pa fóònù.  Aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́ nígbà náà, ọrùn ni mo rán apá mọ́.

Láti ìgbà yẹn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Lọ́sẹ̀ yìí, orí ń fọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ti ṣú. Òjò ò rọ̀ o, ó kàn ṣú ni. Nígbà mìíràn, àlejò kan lè wá, kò sì dáa kí ó bá ilé lófìfo. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n máa ń di ògiri mú lọ bá láti wo ìta, wọn ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi ẹ̀bẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù lọ́jọ́ kan, Dókítà Ẹsẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà lé ọwọ́, ó gbìyànjú láti ká a, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹsẹ̀ yìí ti ń gan," ó ní. "Tí ẹ bá ń pa ọ̀sẹ̀ jẹ báyìí, ó máa gan pátápátá. Tó bá ti gan, èmi ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa lo ìyókù ayé wọn."

Mo wa ọkọ̀ padà sílé. Kòtò kan, Màmá á di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Kòtò mìíràn, wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọn ò ké. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ẹni tó bá jókòó tì wọ́n mú, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ wa ọkọ̀ fún wa. Èékánná wọn ti fi àpá sí mi ní àtẹ́lẹwọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ sí ilé ìtajà táyà. Ọkùnrin tó ń ta á kó oríṣiríṣi jáde, ó ń ka ìyìn wọn bí ẹni tó ń wá ọkọ fún mi. Èyí ń dán. Èyí ń sáré. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń rà. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ rà á fún kò sáré, kò sì wá ọkọ. Mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ọ̀kan tí ara rẹ̀ ga, tí ó nípọn, tí kò lẹ́wà rárá. Ó dúdú, ó wúwo, ó rí bí ìyá àgbà tó jókòó tí kò fẹ́ dìde.

"Àǹtí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù o," ọkùnrin náà ní.

"Òun ni mo fẹ́," mo ní. Rímù kékeré àtijọ́ ti wà nínú búùtù mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ni mo ti lọ yọ ọ́. Mo ní kó so wọ́n pọ̀, kó sì yọ gbogbo ohun tó ń dán kúrò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbé Màmá sínú ọkọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, àwọn náà ò wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. A gba inú kòtò àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà kàn wọlé, ó jáde. A gba èkejì. Nígbà tí a dé ibi tó burú jù, mo wo dígí, mo rí i pé ọwọ́ Màmá sinmi lórí itan wọn.

"Ọ̀nà yìí ti ń dáa o," Màmá ní. "Ó jọ pé wọ́n ti ń tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ti ń tún un ṣe." Mo fi ètè bo eyín. Kòtò tó wà níwájú wa nígbà yẹn lè gba ewúrẹ́ méjì.

Àwáwí parí. Orí ò fọ́ wọn mọ́, òjò lè ṣú tó bá fẹ́. Dókítà Ẹsẹ̀ na ẹsẹ̀, ó ká a, ó tún nà án. Nígbà tó ṣe, Màmá dé fèrèsé. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń bú àwọn adìẹ aládùúgbò pẹ̀lú ayọ̀. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, mo ní fùlùfúlù òwú ló kó sí mi lójú.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Bọ̀dá Àgbà ń bọ̀ wá kí wa. Màmá bá a sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wo òrùlé, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ata," wọ́n ní, "ó yẹ kó o fọ ọkọ̀."

"Ọkọ̀ mọ́, Màmá."

"Fọ̀ ọ́ dáadáa. Kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ rí i kẹ́yìn."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo ní kí n kọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ bá mi yí rímù dídán jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ìgbà tí sípánà bá yọ̀ lọ́wọ́ mi. A so wọ́n mọ́ ọkọ̀ padà. Ọ̀kan nínú táyà nínípọn ni mo jù sí búùtù, kó wà níbẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo sì kó ìyókù pamọ́ sábẹ́ páànù bí ẹni kó ẹrù olè.

Bọ̀dá Àgbà dé nínú aṣọ funfun tó ta sítáàṣì. Ó gbọ́ pé ọjọ́ ọsibítù ni, ó ní òun ló máa wa ọkọ̀.

"Jókòó sẹ́yìn," ó sọ fún mi, "kó o wo bí wọ́n ṣe ń wa ìyá."

Mo jókòó ti Màmá. Ó wà á jẹ́jẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì. Ní kòtò àkọ́kọ́, ọwọ́ Màmá wá ọwọ́ mi, ó sì rí i.

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" Bọ̀dá Àgbà ní. "Sùúrù ni mọ́tò ń fẹ́, kì í ṣe ká máa wà á bí ẹni tí ajá ń lé. Màmá, ṣé ara tù yín?"

"Ó tù mí, ọkọ mi." Èékánná wọn ti wọ ara mi.

Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Omi kún inú kòtò, ojú ọ̀nà wá tẹ́jú bí ẹni pé kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ọwọ́ ọ̀tún!" Kó tó gbọ́, a ti wọlé. Ó dún gbàà. Màmá fò sókè, wọ́n sì já bọ́ lé ìbàdí yẹn.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Ìyá wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ké pè. Bọ̀dá Àgbà dá ọkọ̀ dúró, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀. Rímù ti là. Ó ń fi ọwọ́ wá ibi tó ti là. Mo sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

"Bọ̀dá mi, ṣé rímù lẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò ni?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ̀yìn ni ìyá yín wà." Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi sí i lójú. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àpá àtijọ́ náà sì wà níbẹ̀. "Èékánná wọn nìyí. Tìmùtìmù tí wọ́n ń sọ fún yín nípa rẹ̀ nìyí."

Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí.  Ó lọ ṣí búùtù kó mú táyà mìíràn, ó sì dúró gbagidi síbẹ̀.

"Èyí kì í ṣe èyí tí mo rà."

"Rárá, sà."

"Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ti ń lò ó." Ó fi ìka kan ẹrẹ̀ náà. "Ṣé pé ẹ máa ń yọ tèmi ni, ẹ máa wá so ó padà tí mo bá ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé Màmá mọ̀?"

Mo ti la ẹnu kí n parọ́ nítorí Màmá. Ẹnu àwọn ló yá ju tèmi.

"Ó dùn mí," Màmá ní láti inú ọkọ̀. Ohùn wọn kò ròkè. "Láti ọjọ́ tó o ti gbé e wá ló ti ń dùn mí."

Bọ̀dá Àgbà lọ dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn. "Màmá, kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Inú rẹ dùn lọ́jọ́ yẹn." Màmá ń tún ìrọ̀rí wọn tò, wọn ò wò ó lójú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ gbẹ̀yìn. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, wàá tún padà lọ jókòó sórí àga yẹn, wàá máa wo ilẹ̀. Ìbàdí mi ṣeé gbé. Ìyẹn ò ṣeé gbé."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ti pọ́n bí abẹ́rẹ́, ó dà nù lẹ́nu mi. Bọ̀dá Àgbà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ ńkọ́, Ata? O ò ṣe sọ ọ́?"

"Mo sọ. Ẹ ní mò ń sáré."

"Òótọ́ ni," ó ní. "O sọ."

Ó fi aṣọ funfun yẹn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó so táyà nínípọn mọ́ ọn. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n lọ jókòó ti Màmá. Nígbà tó ṣe tán, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Mo wà á dé ọsibítù, ìyẹn tí mo bá lè pè é ní wíwà. Mò ń rá bí ìgbín ni. Màmá sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba ọ̀pá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Bọ̀dá Àgbà la ẹnu sílẹ̀.

"Màmá ń rìn?"

"Díẹ̀díẹ̀," mo ní. "Táyà tí kò lẹ́wà yẹn ló ń gbé wọn wá kọ́ ọ."

Nígbà tí a padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló yọ gbogbo rímù dídán kúrò. Ó ní kí Màmá wá gbàdúrà sí èyí tó nípọn náà. Màmá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé táyà ni mo gbàdúrà sí nígbà yẹn?" Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ẹni tó ń wa ọkọ̀, wọn ò sì tètè parí. Àmín tèmi ló ròkè jù. Bọ̀dá Àgbà fẹ́ kó rímù rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n Màmá ní ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀, kó máa bá àwọn lọ nínú búùtù. Mo ní kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ó wúwo, ó ń jẹ àyè, kò sì ní wúlò. Wọ́n wò mí, mo gbé e síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n tó ṣáná sí ọkọ̀, Màmá á bèèrè láti ẹ̀yìn, "Ata, ṣé táyà ọmọ mi wà níbẹ̀?"

Mo máa ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Inú máa ń bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó dé ibi kòtò tó tóbi jù yẹn, màá rọra gba inú rẹ̀ kọjá, màá sì gbọ́ tí Màmá ń hanrun.